Kí Àsè Ẹ́ńrógẹ́lì Tó Tán: Bí Nátánì Wòlíì Ṣe Fi Sólómọ́nì Jọba

Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 1 àti 2, ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Jerúsálẹ́mù ló ti ṣẹlẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 970 ṣáájú ìbí Kristi. Dáfídì ọba ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, wọ́n ń fi aṣọ bò ó, ara rẹ̀ kò sì móoru. Àdóníjà ọmọ rẹ̀ se àsè ńlá ní Ẹ́ńrógẹ́lì, lẹ́yìn odi ìlú, àsè náà ló fẹ́ fi gorí ìtẹ́. Kí àwọn àlejò tó jẹun tán, Sólómọ́nì, ọmọ mìíràn, ti gun ìbaaka ọba, wọ́n ti da òróró sí i lórí, ó sì ti jókòó sórí ìtẹ́ náà. Nátánì wòlíì ló wà nídìí ètò ọ̀hún.

Ohun tí ọ̀pọ̀ oníwàásù máa ń fò dá ni pé Nátánì kò wí pé "Báyìí ni Olúwa wí" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú gbogbo orí kìíní yẹn. Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n wí. Nínú Sámúẹ́lì Kejì orí 7, ó gbé ọ̀rọ̀ Olúwa wá fún Dáfídì nípa ìdílé rẹ̀ àti ìtẹ́ rẹ̀, ní orí 12 ó pa òwe ọ̀dọ́ àgùntàn tálákà fún un, ó sì wí fún un lójú ara rẹ̀ pé, "Ìwọ ni ọkùnrin náà." Lọ́jọ́ tí à ń sọ yìí, ọgbọ́n ààfin ló lò. Ó mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohun tó yẹ kó sọ, àti ìgbà tó yẹ kí òun alára wọlé.

Ìtẹ́ tí kò tíì ní àṣà

Àwọn tó ń pe Àdóníjà ní ọlọ̀tẹ̀ lásán kì í wo bí ìjọba Ísírẹ́lì ṣe rí nígbà náà. Kò tíì sí ìgbà kan tí ìtẹ́ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́ láti ọwọ́ baba sí ọwọ́ ọmọ. Sọ́ọ̀lù kú lójú ogun ní Gílíbóà pẹ̀lú mẹ́ta nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Ábínérì, olórí ogun rẹ̀, ló mú Íṣíbóṣẹ́tì tó ṣẹ́kù lọ sí Máhánáímù tó sì fi í jọba, ọdún 2 péré ni ìyẹn lò. Òfin àkọ́bí tó wà nínú Diutarónómì 21 ń sọ nípa ìpín ogún méjì, kò mẹ́nu kan ìtẹ́. Kò sí afọbajẹ tí òfin yàn. Ohun kan ṣoṣo tó lè yanjú ọ̀rọ̀ ni kí ọba fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ẹni tí yóò gba ipò òun, Dáfídì kò sì tíì sọ ọ́ ní gbangba.

Ọmọkùnrin 6 ni Dáfídì bí ní Hẹ́bírónì, ìyá kọ̀ọ̀kan ló bí wọn. Ámínónì ni àkọ́bí. Ábísálómù ní kí wọ́n pa á nítorí ó fipá bá Támárì, àbúrò Ábísálómù, lò. Kíléábù, ọmọ Ábígáílì, ni ìkejì, Bíbélì kò sì sọ ohun kan nípa rẹ̀ ju orúkọ lọ. Ábísálómù ni ìkẹta. Ó dìtẹ̀, Jóábù sì fi ọ̀kọ̀ mẹ́ta gún un bó ṣe ń rọ̀ dirodiro lórí igi óákù. Ìkẹrin ni Àdóníjà, ọmọ Hágítì. Bí ẹ bá ka ìlà yìí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó jọ pé òun ni àgbà tó ṣẹ́kù, Sólómọ́nì tìkára rẹ̀ sì pè é ní ẹ̀gbọ́n òun ní orí kejì. Jerúsálẹ́mù ni wọ́n ti bí Sólómọ́nì, lẹ́yìn gbogbo àwọn ti Hẹ́bírónì.

Àdóníjà wá kó kẹ̀kẹ́ ogun àti ẹlẹ́ṣin jọ, ó sì gba 50 ọkùnrin tí yóò máa sáré níwájú rẹ̀. Ẹni tó ka Sámúẹ́lì Kejì orí 15 yóò rántí pé iye yìí gan-an ni Ábísálómù gbà. Ìwé Àwọn Ọba Kìíní fi gbólóhùn kan kún un tó ṣàlàyé ilé yẹn ju ìwàásù lọ: baba rẹ̀ kò bi í rí láti ìgbà tó ti dáyé pé, "Kí ló dé tí o fi ṣe báyìí?" Dáfídì bínú gan-an nígbà tó gbọ́ ohun tí Ámínónì ṣe sí Támárì, ṣùgbọ́n inú bíbí náà ló mọ sí. Ilé kan náà ni Àdóníjà ti dàgbà.

Àwọn tó tẹ̀ lé e kì í ṣe ọmọ ìta. Jóábù, olórí gbogbo ogun, wà níbẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n Dáfídì obìnrin sì ni. Ábíátárì àlùfáà wà níbẹ̀, ẹni kan ṣoṣo tó yè bọ́ nígbà tí Sọ́ọ̀lù ní kí wọ́n pa àlùfáà 85 ní Nóbù, tó sì ti wà pẹ̀lú Dáfídì láti ìgbà tí wọ́n ti ń sá kiri inú igbó. Àwọn tí kò tẹ̀ lé e ni Sádókù àlùfáà, Nátánì, Ṣíméì, Réì, àwọn alágbára Dáfídì, àti Bẹnáyà ọmọ Jèhóíádà. Ẹ fi àmì sí orúkọ Bẹnáyà. Òun ni olórí àwọn ará Kérétì àti Pélétì, ẹ̀ṣọ́ ọba, tí wọn kò sí lábẹ́ Jóábù. Nígbà ọ̀tẹ̀ Ábísálómù, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yí padà, àwọn wọ̀nyí bá Dáfídì jáde ní ìlú ni. Jóábù lágbára nígbà tí wọ́n bá fun kàkàkí tí àwọn ẹ̀yà kó ogun jọ. Ní ọjọ́ lásán, nínú ààfin, Bẹnáyà ló ní ọmọ ogun tó wà ní ìmúrasílẹ̀. Àdóníjà ka olórí ogun mọ́ ara rẹ̀, ó gbàgbé ẹ̀ṣọ́.

Ó wá pa àgùntàn, màlúù àti ẹran àbọ́pa lẹ́bàá òkúta Sóhélétì, nítòsí Ẹ́ńrógẹ́lì. Orísun omi ni Ẹ́ńrógẹ́lì, ní ìsàlẹ̀ gúúsù ìlú, níbi tí àfonífojì Kídírónì àti ti Hínómù ti pàdé, lórí ààlà ẹ̀yà Júdà àti Bẹ́ńjámínì. Ó pe gbogbo àwọn ọmọ ọba àti àwọn ará Júdà tó ń sin ọba. Kò pe Nátánì, kò pe Bẹnáyà, kò pe àwọn alágbára, kò sì pe Sólómọ́nì. Níbẹ̀ ló ti fi ara rẹ̀ hàn. Ẹni tó bá bá ọ jẹun níbi ẹbọ, ó ṣòro láti pa á lọ́la. Ẹni tí o fo orúkọ rẹ̀ nínú gbogbo ọmọ baba rẹ ti mọ ohun tó ń bọ̀ wá bá a.

Ọ̀rọ̀ inú yàrá

Ọ̀dọ̀ Bátíṣébà, aya Dáfídì tó bí Sólómọ́nì, ni Nátánì kọ́kọ́ lọ, kò lọ sọ́dọ̀ ọba. Bí òun bá kọ́kọ́ wọlé, ọba lè rí i bí ẹni tí wọn kò pè síbi àsè tó wá ń ráhùn. Bátíṣébà ní ẹ̀tọ́ àtiwọ yàrá náà, òun ló sì ní ìbúra lọ́wọ́. Ohun tí Nátánì sọ fún un kò pọ̀: Ṣé ẹ kò gbọ́ pé Àdóníjà ọmọ Hágítì ti jọba, olúwa wa Dáfídì kò sì mọ̀? Ẹ jẹ́ kí n gbà yín ní ìmọ̀ràn, kí ẹ lè gba ẹ̀mí ara yín àti ti Sólómọ́nì ọmọ yín là. Ẹ wọlé tọ ọba lọ, kí ẹ bi í pé, Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ búra fún ìránṣẹ́bìnrin yín pé Sólómọ́nì ni yóò jọba lẹ́yìn yín? Kí ló wá dé tí Àdóníjà fi ń jọba? Bí ẹ bá ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni èmi náà yóò wọlé, n ó sì fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ yín múlẹ̀.

Ìbéèrè méjì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ní kó sunkún, kò ní kó bẹ̀bẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá bi léèrè ìbúra rẹ̀ gbọ́dọ̀ dáhùn.

Ábíṣágì ará Ṣúnémù, wúńdíá tí wọ́n wá láti máa tọ́jú ọba, wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí Bátíṣébà wọlé tó sì tẹrí ba. Ohun tó sọ ju ohun tí wọ́n kọ́ ọ lọ. Nátánì ní, "Ẹ búra", Bátíṣébà ní, "Ẹ fi Olúwa Ọlọ́run yín búra." Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn, nítorí ìbúra tí a fi orúkọ Olúwa ṣe kò ṣeé jẹ ní àjẹgbé. Kò fi í sí ìbéèrè mọ́, ó sọ ọ́ bí ohun tó dájú. Ó ka ẹran tí wọ́n pa, ó dárúkọ Ábíátárì àti Jóábù, ó ní Sólómọ́nì ìránṣẹ́ yín ni kò pè. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tí Nátánì kò kọ́ ọ rárá: ojú gbogbo Ísírẹ́lì ń bẹ lára yín, kí ẹ lè sọ ẹni tí yóò jókòó lórí ìtẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, nígbà tí olúwa mi bá sùn pẹ̀lú àwọn baba rẹ̀, èmi àti ọmọ mi ni wọn yóò kà sí ẹlẹ́ṣẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé Nátánì kàn fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu ni, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ 13 wé ẹsẹ̀ 17 sí 21. Òye obìnrin náà nípa ọ̀rọ̀ ààfin kò kéré sí ti wòlíì.

Nátánì dé nígbà tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Wọ́n kéde rẹ̀, Bátíṣébà jáde, Nátánì sì dojú bolẹ̀. Kò mẹ́nu kan ìbúra rárá, ó ṣe bí ẹni pé òun kò mọ ohun tí obìnrin náà wá sọ. Ó ní, "Olúwa mi ọba, ṣé ẹ̀yin lẹ sọ pé Àdóníjà ni yóò jọba lẹ́yìn yín?" Ó ròyìn àsè náà, ó sì fi ohun kan kún un tí akọ̀wé ìtàn kò sọ nígbà tó ń ròyìn àsè kan náà: pé wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu níwájú rẹ̀, wọ́n ń wí pé, "Kí Àdóníjà ọba kí ó pẹ́!" Bóyá wọ́n wí bẹ́ẹ̀, bóyá wọn kò wí, ọ̀rọ̀ yẹn ló lè gbé arúgbó dìde. Àwọn kan ń kí ọba mìíràn nígbà tí ọba ṣì ń mí.

Ẹ wo bó ṣe ka àwọn tí wọn kò pè: "Èmi ìránṣẹ́ yín, àti Sádókù àlùfáà, àti Bẹnáyà ọmọ Jèhóíádà, àti Sólómọ́nì ìránṣẹ́ yín." Wòlíì kan, àlùfáà kan, olórí ẹ̀ṣọ́ kan, àti ẹni tí wọn yóò fi jọba. Ẹsẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn, Dáfídì pàṣẹ pé kí wọ́n pe Sádókù, Nátánì àti Bẹnáyà wá. Orúkọ tí wòlíì kà bí àròyé ni ọba yí padà sí iṣẹ́. Ní èrò tiwa, ibi tí ọgbọ́n Nátánì jinlẹ̀ jù nìyí, nítorí pé kò bẹ ọba pé kó yan ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni pé, "Ṣé ohun yìí ti ọ̀dọ̀ olúwa mi ọba wá, tí ẹ kò sì fi tó ìránṣẹ́ yín létí?" Bí Dáfídì bá dákẹ́, ó ti fi ọwọ́ sí ìjọba Àdóníjà níwájú wòlíì. Bí ó bá ní kì í ṣe òun, ó gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó jẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìbúra náà ti dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀. Kò sí ibi kankan nínú Sámúẹ́lì Kejì tí Dáfídì ti búra bẹ́ẹ̀ fún Bátíṣébà. Àwọn kan ní Nátánì ló dá a sílẹ̀ tó sì gbé e fún arúgbó tí ọpọlọ rẹ̀ ti rẹ̀. Àwọn mìíràn ń tọ́ka sí Kíróníkà Kìíní orí 22, níbi tí Dáfídì ti sọ pé Olúwa ti dárúkọ Sólómọ́nì fún òun tẹ́lẹ̀, àti sí Sámúẹ́lì Kejì 12, níbi tí Olúwa ti rán Nátánì láti pe ọmọ náà ní Jẹ́dídáyà. Ìdáhùn Dáfídì kò dún bí ti ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n pe Bátíṣébà padà, ó fi Olúwa tó ra ọkàn òun padà nínú gbogbo ìpọ́njú búra, ó sì ní, "Lónìí yìí gan-an ni n ó ṣe é." Ọ̀rọ̀ "lónìí" yẹn ló ba ti Àdóníjà jẹ́.

Ohun tí wọ́n ṣe ní Gíhónì

Àṣẹ Dáfídì kò ní àlàfo. Wọ́n ní láti kó àwọn ìránṣẹ́ ọba dání. Wọ́n ní láti gbé Sólómọ́nì gun ìbaaka ọba fúnra rẹ̀. Gbogbo ọmọ ọba ló ń gun ìbaaka nígbà náà, Ábísálómù kú nídìí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń gun ti ọba láìjẹ́ pé ọba ní kó gùn ún. Ẹni tó bá rí ẹran náà lójú pópó ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láìtíì gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan. Sádókù àti Nátánì yóò ta òróró sí i lórí ní Gíhónì, wọn yóò fun kàkàkí, wọn yóò wí pé, "Kí Sólómọ́nì ọba kí ó pẹ́!" Lẹ́yìn náà ni wọn yóò gòkè tẹ̀ lé e kó lè jókòó sórí ìtẹ́. Dáfídì ní òun fi í ṣe olórí Ísírẹ́lì àti Júdà. Ó dárúkọ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí àwọn ará Júdà ni Àdóníjà pè, ọ̀tẹ̀ Ṣẹ́bà tó ya Ísírẹ́lì kúrò lára Júdà kò sì tíì kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni.

Sádókù mú ìwo òróró láti inú àgọ́, àgọ́ tí Dáfídì pa fún àpótí ẹ̀rí. Ìtàn náà kò sọ ohun tí wọ́n fi po òróró yẹn. Ìlànà òróró mímọ́ wà nínú Ẹ́kísódù 30. Ó sì jẹ́ èèwọ̀ láti po irú rẹ̀ fún ara ẹni. Bí Ábíátárì tilẹ̀ jẹ́ àlùfáà, a kò gbọ́ pé ó mú òróró kankan lọ sí Ẹ́ńrógẹ́lì. Ẹbọ wà níbẹ̀, oúnjẹ wà níbẹ̀. Kò sí òróró, kò sí kàkàkí, kò sí ìbaaka, ọba kò sì fi ẹnu sí i.

Gíhónì ni orísun omi tí ìlú gbẹ́kẹ̀ lé, ó wà ní ìsàlẹ̀ odi ní ìhà ìlà-oòrùn, nínú àfonífojì Kídírónì kan náà tó lọ dé Ẹ́ńrógẹ́lì. Àárín àwọn méjèèjì kò tó kìlómítà kan. Àwọn ará Kérétì àti Pélétì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú wọn, nítorí náà bí Jóábù bá tilẹ̀ fẹ́ dí wọn lọ́wọ́, yóò bá idà níbẹ̀. Àwọn ènìyàn fun fèrè, wọ́n yọ ayọ̀ ńlá, ìwé náà ní ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ là fún ariwo wọn. Àfonífojì gbé ohùn náà lọ sí ìsàlẹ̀.

Gbogbo wọn gbọ́ ariwo, ṣùgbọ́n Jóábù ni ìwé náà dárúkọ pé ó gbọ́ kàkàkí. Etí jagunjagun ni. Bó ṣe ń béèrè ìdí ariwo ni Jónátánì ọmọ Ábíátárì dé. Ọ̀rọ̀ yìí tọ́ sí àkíyèsí: Jónátánì yìí kan náà ló fara pamọ́ sí Ẹ́ńrógẹ́lì nígbà ọ̀tẹ̀ Ábísálómù, tó ń gbé ìròyìn láti Jerúsálẹ́mù lọ fún Dáfídì. Àdóníjà ní, "Wọlé, akíkanjú ni ọ́, ìròyìn rere lo mú wá." Jónátánì ròyìn ìbaaka, ó dárúkọ Sádókù, Nátánì, Bẹnáyà àti àwọn ẹ̀ṣọ́, ó ní wọ́n ti ta òróró sí Sólómọ́nì lórí ní Gíhónì. Ó wá fi mẹ́ta lé e: Sólómọ́nì ti jókòó sórí ìtẹ́; àwọn ìránṣẹ́ ọba ti wá kí Dáfídì kú oríire; ọba sì ti tẹrí ba lórí ibùsùn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa pé ojú òun rí i. Èyí tó kẹ́yìn ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè sọ pé wọ́n tan arúgbó ni. Àwọn àlejò dìde, olúkúlùkù gba ọ̀nà tirẹ̀. Kò sí ẹni tó yọ idà.

Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀

Àdóníjà sá lọ di ìwo pẹpẹ mú. Sólómọ́nì ní bó bá hùwà bí ọmọlúwàbí, ọ̀kan nínú irun rẹ̀ kò ní bọ́ sílẹ̀. Bí a bá rí ibi lọ́wọ́ rẹ̀, yóò kú. Ó ní kó máa lọ sílé. Ìdáríjì nìyẹn, ṣùgbọ́n pẹ̀lú àdéhùn ni.

Lẹ́yìn tí Dáfídì kú, tó ti lo ọdún 40 lórí oyè, 7 ní Hẹ́bírónì àti 33 ní Jerúsálẹ́mù, Àdóníjà rán Bátíṣébà sí Sólómọ́nì pé kó fún òun ní Ábíṣágì láti fi ṣe aya. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lásán lójú ẹni tí kò mọ ilé yẹn. Ábísálómù wọlé tọ àwọn àlè baba rẹ̀ lójú gbogbo Ísírẹ́lì láti fi hàn pé òun ti gba ìjọba. Ábínérì àti Íṣíbóṣẹ́tì jà nítorí Rísípà, àlè Sọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá gba obìnrin ọba ń nawọ́ sí ìtẹ́. Sólómọ́nì dìde pàdé ìyá rẹ̀, ó tẹrí ba fún un, ó ní kí wọ́n tẹ́ ìtẹ́ fún un lọ́wọ́ ọ̀tún òun, nígbà tó gbọ́ ohun tó bá wá, ó ní, "Ẹ kúkú béèrè ìjọba fún un pẹ̀lú, ẹ̀gbọ́n mi ṣáà ni." Bẹnáyà pa Àdóníjà lọ́jọ́ náà. Bóyá Bátíṣébà kò mọ ohun tí iṣẹ́ náà yóò dá sílẹ̀, bóyá ó mọ̀ ọ́n dáadáa, ìwé kò sọ. Ẹni tó rí bó ṣe sọ̀rọ̀ nínú yàrá Dáfídì kò ní tètè pè é ní aláìmọ̀kan.

Wọ́n lé Ábíátárì lọ sí oko rẹ̀ ní Ánátótì, wọn kò pa á nítorí ó ti ru àpótí Olúwa níwájú Dáfídì. Jóábù sá di ìwo pẹpẹ mú bí Àdóníjà, pẹpẹ kò sì gbà á, nítorí ẹ̀jẹ̀ Ábínérì àti ti Ámásà, olórí ogun méjì tó pa, wà lọ́rùn rẹ̀. Bẹnáyà gba ipò rẹ̀ lórí ogun, Sádókù gba ipò Ábíátárì.

Ìwé Kíróníkà fo gbogbo èyí. Kò sí Ẹ́ńrógẹ́lì níbẹ̀, kò sí Ábíṣágì. Ohun tó wà ní orí 29 ni pé gbogbo àwọn ọmọ Dáfídì fi ara wọn sábẹ́ Sólómọ́nì. Ní ti Nátánì, a kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ Gíhónì. Nínú orúkọ àwọn ìjòyè Sólómọ́nì ní orí 4 ìwé Àwọn Ọba Kìíní ni orúkọ rẹ̀ tún ti jáde, bó bá jẹ́ Nátánì yìí kan náà ni wọ́n ń sọ, nítorí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Dáfídì pẹ̀lú ń jẹ́ bẹ́ẹ̀: Ásáríyà ọmọ Nátánì ni olórí àwọn alábòójútó, Sábúdù ọmọ Nátánì sì ni àlùfáà àti ọ̀rẹ́ ọba.